Kọ̀ǹpútà Yín Mú Ìyá Rẹ, Ó Fi Mí Sílẹ̀

Dókítà mi, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú àìsinmi. Ìwọ tó ń tọ́jú aláìsàn, àìsàn ò ní mọ ojúlé rẹ. Àwa náà ń bẹ nílé, eegun ń dùn wá, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò korò lẹ́nu wa, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí méjì.

Ọpẹ́ ni mo fi lẹ́tà yìí dá. Ìwádìí tí ẹ ń ṣe, bóyá kí a bá ẹni tí àìsàn ti pẹ́ lára rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́ẹ̀mẹfà péré lè mú ara tù ú, ti dé ilé wa. Èmi àti ìyá rẹ la jọ ní làkúrègbé, àwa méjèèjì la sì forúkọ sílẹ̀. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ni yóò yan ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àti ẹni tí yóò ṣì dúró. Ó mú ìyá rẹ, ó fi mí sílẹ̀. Mi ò bínú sí i. Ẹ̀rọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ti ní láti mọ̀ pé èmi ọ̀gá ilé-ìwé, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, ọdún mọ́kànlá ni mo fi pe ìrora ìyá rẹ ní ìmẹ́lẹ́, kí eegun tèmi tó bẹ̀rẹ̀. Ìdájọ́ rẹ̀ tọ́.

Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí wọ́n bá pe ìyá rẹ, tí fóònù ń sọ̀rọ̀ síta, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni mo ń dúró sí, tí mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń fún un sínú ìwé tèmi. Nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwa tí à ń dúró, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ara mi ti yá gan-an, kí inú yín lè dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin orí fóònù bi ìyá rẹ pé kí ló ń dùn ún jù. Ó ní orúnkún ò dun òun tó bí ọkọ òun ṣe ń pe òun ní ọ̀lẹ lójú àwọn ọmọ òun. Mo ṣílẹ̀kùn, mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ní kó foríjì mí. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, orúnkún mi kọ̀ jálẹ̀. Ló bá bi mí pé ṣé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó nawọ́ sí mi, a jọ ń fa ara wa. Obìnrin orí fóònù ń bèèrè pé ta nìyẹn, ìyá rẹ ní aláìsàn mìíràn ló yọjú.

Ó ní òun ò tíì foríjì mí tán o, ṣùgbọ́n kí n yé lúgọ, kí n máa wọlé wá jókòó. Àga kan ṣoṣo ló wà ní yàrá náà. Jọ̀wọ́, fi owó àga kan ránṣẹ́, èyí tó ga díẹ̀, tó máa rọrùn láti dìde lórí rẹ̀.

Ìwọ tó wá ẹni tó bi ìyá rẹ ní ohun tó yẹ kí èmi ti bi í, o ò ní ṣàìrí ẹni tí yóò máa bi ọ́ pé ṣé ara le.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.