Wákàtí Mẹ́fà Ààbọ̀

Akọ́wé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbà pé ara yín le níbẹ̀, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ò le kì í ráyè ṣe irú ohun tí o ṣe. Èmi náà wà láàyè. Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n orúnkún kọ́ ni mo torí ẹ̀ mú bírò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aránṣọ tó wà ní ojúlé kejì bẹ̀ mí kí n fi mọ́tò gbé òun lọ pàdé ọmọ òun ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọmọbìnrin náà yọ sí wa, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ìlú tìẹ gan-an ló ti ń bọ̀. Mo ní, "O kú ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta o." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀, Bàbá? Ilé mi ni mo ti jẹun àárọ̀ lónìí."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mo lọ bá obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà ó lé díẹ̀, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, ojoojúmọ́ sì ni bàlúù ń lọ. Họ́wù, Akọ́wé! Wákàtí mẹ́wàá ni mo fi ń wa tírélà sìmẹ́ńtì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, mo sì ń padà wá bá yín nílé.

Jẹ́ kí n rán ọ létí. Ọjọ́ Ajé tí àìsàn gbé ìyá rẹ dè, mo pè ọ́. O ní ọ̀nà jìn, o dárúkọ kìlómítà. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Èmi ni mo fi orí awakọ̀ ṣírò ó: mo ní awakọ̀ bàlúù náà á sùn lọ́nà, wọ́n á rọ epo, á tó ọjọ́ mẹ́ta. O gbọ́ mi dáadáa. O ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi, bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tìẹ ò tiẹ̀ pé ọdún kan.

Dókítà ní kò dájú pé ìyá rẹ máa rí Ọjọ́rú. Bí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù bá ti dún báyìí, á gbórí sókè, á ní ṣé ìwọ ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ìyá Akọ́wé, má wo ọ̀nà mọ́, kò lè bá ọ." Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló jìn tó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò gbórí sókè mọ́. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló tó kú. Ò bá ti wá, kó o lọ, kó o tún padà wá.

Ká ní o sọ pé o ò fẹ́ wá ni, màá bínú, inú mi á sì rọ̀ tó bá yá. Ohun tí n ò lè gbà ni pé ẹnu mi lo fi gba ìrètí lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Ogójì ọdún la fi gbé pọ̀, n ò parọ́ fún un rí, àfi tó bá bi mí nípa sìgá. Irọ́ tìẹ ló wá gbọ́ lẹ́nu mi kẹ́yìn. Ó dùn mí wọra, ọmọ yìí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kí o dàgbà, kí o darúgbó. Kí ó fi ọmọ tí yóò sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó fún ọ jíǹkí rẹ.

Èmi ni,
Bàbá tó bí ọ.

Àfikún: Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin fẹ́ fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ kó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ lójú ẹsẹ̀. Mo kọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ló máa gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bèèrè lẹ́ẹ̀mejì.