Lọ́fínńdà Yín ní Àyà Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo mọ̀ pé òkú kì í ka lẹ́tà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi tí mi ò mọ ẹni tí mo lè bi. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ nípa imú nínú ilé yìí, ẹ sì lọ kí n tó bi yín léèrè tán.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Oyún tó wà ní ikùn mi nígbà tí ẹ lọ ti di ọmọ, ọkùnrin ni. Àná la sọ ọ́ lórúkọ. Àlùfáà pè é ní Mùnírù, ṣùgbọ́n Babátúndé ni gbogbo ilé ń pè é, Ràṣídì ọkọ mi ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Gángan wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, ariwo kan náà. Ìjọba ti ní kí mọ́tò kúrò ní ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà báyìí. Màmá fẹ́ sọdá ní Tinúbú, ibi àtijọ́ ló wò, bọ́ọ̀sì kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Dírẹ́bà bú u, Màmá náà bú u padà, wọ́n jọ parí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ bá ti rẹ́rìn-ín.

Ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ìgò yín wà lórí pákó bí ẹ ṣe tò wọ́n. Èmi ni mò ń jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí mo bímọ. Mo ti mọ lọ́fínńdà tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń rà fún ọjọ́ Jímọ̀, mo sì ti mọ èyí tí àwọn ìyàwó tuntun ń fẹ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí rẹ̀. Bí mo bá sun tùràrí sẹ́nu ọ̀nà, àwọn oníbàárà máa ń pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í bínú, wọn kì í yọ mí lẹ́nu lórí iye owó jù. Bí mi ò bá sun ún, ìjà ni. Èéfín lásán! Kí ló ń sọ fún wọn?

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Bí ẹ bá ti gbóòórùn ìgò mẹ́ta, ẹ ó ká apá yín, ẹ ó ti imú bọ ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń ṣẹ́, ẹ ó fa èémí sínú dáadáa, kí ẹ tó ṣí ìkẹrin. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òógùn ni mo rò pé ẹ ń nù, àṣé òórùn ara yín lẹ fi ń fọ imú. Ẹni tó bá sì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó ti kí i lórúkọ kí ẹ tó gbójú sókè. Ọjọ́ tí mo jẹ ẹ̀pà onísúgà inú àpótí yín, mo fọ ẹnu mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣì mú mi. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ṣé a bí i mọ́ yín ni, àbí iṣẹ́ ló kọ́ yín?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ìgò kan wà tí ẹ kì í tà, èyí tí ẹ fúnra yín pò, tí ẹ fi ń para láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Lọ́jọ́ tí a ṣe fídáù yín, mo mú un. Mi ò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wẹ̀ tán láàárọ̀, mo máa ń fi sí ọrùn, mo máa ń fi pa àyà títí dé ọmú méjèèjì. Bí mo bá ti fi para, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹ wà ní yàrá kejì tí ẹ ń húkọ́. Bí mo bá gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹkún ni mo máa fi parí ọjọ́ náà.

Ẹ wá gbọ́ ìtìjú. Nígbà tí oyún mi pé oṣù mẹ́jọ, mo ń ti Tinúbú bọ̀, ọkùnrin kan kọjá lára mi, òórùn yín gan-an ló ń run. Bàbá mi, mi ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi yà tẹ̀lé e. Mo tẹ̀lé e títí dé Olówógbowó! Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó yíjú padà, ó ní, “Ẹ̀yin aláboyún yìí, ṣé mo jẹ yín ní gbèsè ni?” Mo ní mo ṣìnà ni. Èmi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Gángan, mo ṣìnà ní Èkó! Mo máa ń rí àwọn ajá tí ń fi imú tọ ilẹ̀ lọ láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, mo sì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo bímọ ní ọsibítù, mi ò mú ìgò yín dání lọ síbẹ̀. Ọmọ náà fa ọmú lọ́jọ́ kan náà, ó fà á débi pé mo ké. Àwọn nọ́ọ̀sì ń bá mi yọ̀. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ní ká máa lọ, mo sì wá sí ilé yín kí Màmá lè tọ́jú wa. Màmá fi omi gbígbóná wẹ̀ mí. Bí mo ṣe jáde, mo mú ìgò yín, mo fi para dáadáa, torí àlejò ń bọ̀.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ kò ti mu ọmú mọ́. Bí mo bá gbé e sí àyà, á kọ́kọ́ ya ẹnu, lẹ́yìn náà á gbọn orí, á yí ojú sẹ́yìn, á sì figbe ta. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Màmá ń fi ṣíbí tín-ín-rín bu omi gúlúkóòsì sí i lẹ́nu. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún tí a bí i, àwùjẹ orí rẹ̀ ti wọlé, igbe rẹ̀ kò ju ti ọmọ ológbò lọ. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá mi. Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò bà mí rí, kódà lọ́jọ́ tí ẹ kú.

Oníkálùkù ní tirẹ̀ láti sọ. Wọ́n ní omi ọmú mi ti korò. Màmá fún díẹ̀ sínú abọ́, ó gbé e sí ẹsẹ̀ ògiri bóyá èèrà á sá fún un. Kí a tó ṣẹ́jú, èèrà ti tò wá láti ibi tí a ò rí. Wọn ò ríran débi kankan, ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n? Màmá ní omi ọmú dára nìyẹn. Ni ìyá kan láti agboolé kejì bá sọ ohun tó gún mi lọ́kàn. Ó ní Bàbá tó padà wá yìí ń bínú ni, pé ó ní ohun tí mo ṣe fún un. Mo ronú títí. Mo rántí ìgbà tí ẹ pè mí lóru ọjọ́ àìsàn yín tí mo ní kí ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀ sí i. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín. Mo mú ìgò yín, mo fi para ní ìlọ́po méjì kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò gbàgbé yín. Ẹ ò rí i báyìí?

Ní ọjọ́ kẹfà, àgùntàn Bàbá Ìsẹ́yìn bí ìbejì sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ rántí rẹ̀, télọ̀ tó gba yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ́ sínú gọ́tà. Màmá ló fà á yọ, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sì fi aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà nù ún gbẹ. Ìró mi ni, èyí tí mo ró lọ́jọ́ tó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àgùntàn gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kàn án jìnnà. Ọmọ dìde, ó padà lọ. Ìyá tún kàn án. Ìyá tó bí i ní wákàtí kan sẹ́yìn!

Bàbá Ìsẹ́yìn jáde, ó gbé ọmọ àgùntàn náà sí imú, ó pariwo: “Ta ló fi lọ́fínńdà pa ẹran mi? Ṣé mọ́ṣáláṣí ló ń lọ ni?” Ó fi omi lásán ṣan án, ó fún omi ọmú ìyá rẹ̀ sí ọwọ́, ó fi pa á lórí, lẹ́yìn, àti ní ìdí ìrù. Ó mú ìkejì tó ṣì tutù, ó fi ra á lára. Àgùntàn sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn ìdí ìrù rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró jẹ́ẹ́, ọmọ sì wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tèmi wà ní èjìká mi ní gbogbo àkókò yìí. Mo tẹ orí ba, mo gbóòórùn àyà ara mi. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fọ ọmú ọ̀tún títí ara fi ń ta mí, mo fi omi lásán ṣan án lẹ́ẹ̀mẹrin, mo fún omi ọmú sí i lórí. Mo fi tòsì sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo gbé ọmọ sí òsì, ó yí orí, ó ké. Mo gbé e sí ọ̀tún. Ó dákẹ́. Ihò imú rẹ̀ kékeré ń ṣí, ó ń pa dé. Ó ya ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Ẹ má bínú o, mo tún gbé e padà sí òsì kí n lè rí i dájú. Ebi ń pa ọmọ, ìyá rẹ̀ ń ṣe ìwádìí! Ó ké. Mo dá a padà, mo sì jókòó, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn tí mo ṣàlàyé fún Màmá, ó káwọ́ lérí. Ó ní, “Yéè! A fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bàbá pa ọmọ.” A fọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà: ìró, gèlè, aṣọ ibùsùn, ìrọ̀rí. Màmá gbé ìgò náà lọ sínú àpótí rẹ̀, ó ní títí màá fi já ọmọ lẹ́nu ọmú ni. Òun ló ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, mi ò débẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè ti wá pọ̀ jù fún mi. Ọmọ tí kò tíì ríran dáadáa, kí ló fi mọ̀ mí? Ṣé láti inú ni? Ṣùgbọ́n nígbà tó wà nínú náà, mo ti ń fi lọ́fínńdà yín para. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ padà wá lóòótọ́, ṣé ẹ ò mọ òórùn ara yín ni? Mo bi Ràṣídì, ó ní kí n lọ sùn.

Mo ti fọ yín kúrò lára mi, Bàbá mi. Ọjọ́ mẹ́ta rèé. Ó dùn mí wọra, mo sì ń bẹ̀rù pé màá gbàgbé, torí a lè fi ọkàn pe ojú ènìyàn wá, ṣùgbọ́n a ò lè pe òórùn. Láàárọ̀ yìí, mo rọra wọlé níbi tí ọmọ sùn sí. Kò tíì lajú tó fi yí ojú sí ọ̀dọ̀ mi, tó ń fi imú wá mi. Láti ìgbà tí ẹ ti bí mi, òórùn ṣọ́ọ̀bù yín ni mò ń gbé kiri ìgboro Èkó. Mi ò mọ̀ rárá pé èmi náà ní òórùn tèmi.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò dákẹ́ ìbéèrè rí.