Ẹ̀jẹ̀ Mi Ti Ṣáájú Mi Dé Kútọnu

Aurore ọmọ mi,

Kú ọjọ́ mẹ́ta, kú afẹ́fẹ́ òkun. Olúwa tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ pupa Kpankou gbé wa mì kò ní jẹ́ kí omi Kútọnu gbé ọ lọ. Àwa wà láàyè, àgbàdo ti ń yọmọ, ewúrẹ́ dúdú sì bí ìbejì.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi wà nílùú tí o wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o ò sì yà kí i. Moutiatou nọ́ọ̀sì ló fà á lápá mi ní Kétu, ó ní wọ́n ń gbé e lọ sí Kútọnu, torí àwọn ìránṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀, ọ̀móònù lorúkọ wọn, àwọn ni ara fi ń ránṣẹ́ sí ara. Bí irú kan nínú wọn bá pọ̀ jù, ó lè jẹ́ àmì pé jẹjẹrẹ lè wá sí ìfun ńlá, kì í ṣe pé ó ti dé o. Àlejò sì rèé, ta ni wọ́n ní níbẹ̀ tí yóò bu omi fún wọn bí kò ṣe ìwọ? Inú fìrígò, àpótí tó ń mú nǹkan tutù, ni wọ́n ń sùn!

Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí mo jókòó sídìí igi ọsàn, oorun a gbé mi lọ díẹ̀. Mo ń rí wọn nínú aṣọ pupa, wọ́n ń rìn létí òkun, òtútù ń mú wọn, wọ́n ń béèrè ilé rẹ. Ó ń dùn mọ́ mi, ó sì ń bà mí lẹ́rù.

Àná ni èsì dé: àwọn ìránṣẹ́ ọ̀hún pọ̀ jù. Àwọn dókítà ní kí n wá sí Kútọnu kí wọ́n fi iná kékeré tó wà lórí okùn wo inú ìfun mi. Mo ní n ò lọ, torí ibi tí iná ọ̀hún ń gbà wọlé kò ṣeé sọ fún ọmọ. Àfi bí mo ṣe rántí ẹ̀gbọ́n mi Lábọ̀dé. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ojú tì í, ó dákẹ́ títí a fi sin ín. Tèmi rèé, ìránṣẹ́ pọ̀ bí eṣú, ṣé n ó tún ní n ò gbọ́?

Mò ń bọ̀. Fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sínú tẹlifóònù Ràsákì tó ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà. Owó tuntun ni kí o fi sí i, kí èyí tó ti gbó má baà ya sínú rẹ̀. Fi owó ọṣẹ kún un, ẹni tí wọ́n fẹ́ wo inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dọ̀tí lóde.

Kí o dúró dè mí níbi tí mọ́tò ń já èrò sí. Bí o bá rí i pé mo fẹ́ padà, di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, bí mo ṣe di tìrẹ mú lọ́jọ́ tí wọ́n fún ọ lábẹ́rẹ́ tí ò ń sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Olúwa yóò fún ìwọ náà ní ọmọ tí yóò di ọwọ́ rẹ mú.

Ìyá rẹ tó ń bọ̀.