Ìlàjì Tèmi, Ìlàjì Gómìnà

Ajé, 2 Oṣù Kọkànlá, 1981. Ṣakí.

Gómìnà pín iṣẹ́ lónìí. (Ìyálé mi ni Gómìnà. Lójú ayé, Ìyá Àpọ́nlé ni, pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní "ó".) Àpọ́nlé ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ ní Àgọ́-Àrẹ lóṣù tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ ọ̀hún kò mọ ẹnu pa mọ́: aṣọ ọjà ni ìyàwó tí wọ́n gbé kẹ́yìn fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń sọ ọ́ kiri títí dòní. Gómìnà ní ọmọ tòun kò ní gbé aṣọ ọjà lọ. Kóróṣè ni, èyí tí wọ́n ń fi ìkọ́ hun, òwú funfun, ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́ni méjì. Ọwọ́ kan kò lè parí ẹ̀. Òun á hun ìlàjì, èmi á hun ìlàjì, a ó wá so ó pọ̀ láàárín. Òwú kan náà, ìkọ́ kan náà, iye ojú òwú kan náà.

Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti wọlé yìí, iyán gígún nìkan ló ń fà lé mi lọ́wọ́. Inú mi dùn. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Tí aṣọ ìyàwó bá bàjẹ́, ta ni wọ́n máa ní ó bà á jẹ́? Ìyàwó kékeré ni.

Jímọ̀, 6

A tẹ́ méjèèjì sórí ẹní. Iye ìlà kan náà la hun, tirẹ̀ sì fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ gùn ju tèmi lọ. Tèmi fún. Tirẹ̀ dẹ̀ bí ìdí ṣòkòtò Ọ̀wọ́ngógó. (Ọkọ wa nìyẹn, Ràmọ́nì oníṣu — kì í sí nílẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń wá a.) Gómìnà wo aṣọ, ó wò mí, ó ní òwú mi láhun. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ gáfárà. Ohun tí mo sọ nínú, ìwé yìí ò gbà á.

Àbámẹ́ta, 7

Mo gbé ohun tí ìyàwó tíṣà kọ́ wa nílé-ìwé jáde. Mo ní ká kọ́kọ́ hun pélébé kékeré kan, ogún ojú, ká fi rúlà wọ̀n ọ́n. Òun la fi ń mọ bí ọwọ́ oníkálukú ṣe rí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dẹ̀, kó mú ìkọ́ tín-ín-rín. Ẹni tí tirẹ̀ bá fún, kó mú èyí tó sanra. Gómìnà gbọ́ gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ó ní tóò, kí n lọ ra èyí tó sanra. Mo ní òun ló yẹ kó ra tín-ín-rín. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò sẹ́ni tó ní kóun wá tín-ín-rín. Lóòótọ́ ni — ẹni tó bá rí ìdí rẹ̀ á jẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó ra nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 11

Ọwọ́ mi ń yá lọ́sẹ̀ yìí. Mo tilẹ̀ ń kọrin.

Àlàmísì, 12

A tún un tẹ́. Gígùn wọn ti dọ́gba, Gómìnà sì ti ń yin ara rẹ̀. A wá fi etí kan etí: òdòdó tó wà lára tirẹ̀ kò kojú òdòdó tèmi. Níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, tèmi súnkì, tirẹ̀ gbàyè. Níbi tí a dé yìí, tèmi ló gbàyè, tirẹ̀ ló súnkì. Ká so wọ́n pọ̀, á wú níhìn-ín, á fún lọ́hùn-ún, bí ejò tó gbé eku mì. Gómìnà ní mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, pé mo fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun ṣẹ̀sín. Àpọ́nlé sunkún. Mi ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe nǹkan kan.

Jímọ̀, 13

Mo mú rúlà, mo wọ̀n ọ́n ní ìlà-ìlà. Mo rí i.

Nínú ilé yìí, ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ lọ́sẹ̀ ló ń gbé ẹní lọ sí yàrá Ọ̀wọ́ngógó. Ọjọ́ Àìkú la máa ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọbẹ̀ Gómìnà ni: ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, tèmi fún. Ọ̀sẹ̀ yìí, ọbẹ̀ mi ni: èmi dẹ̀, òun fún. Rúlà kì í parọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, ojú wá tì mí. A ti hun àṣírí yàrá wa sára aṣọ tí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ gbé lọ sílé ọkọ. Ta ló máa sọ fún Gómìnà?

Ajé, 16

Ọ̀wọ́ngógó wọ ọkọ̀ lọ sí Ilero, ó lọ ra iṣu. Ó ní òun ò ní pẹ́. Kò sí ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yìí, iṣu sísun là ń jẹ.

Jímọ̀, 20

Kò tíì dé. Orí ẹní kan la jókòó sí lábẹ́ igi emi ẹ̀yìnkùlé, èmi àti Gómìnà. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún òun pé mò ń bọ̀, odó òfìfo lòun ń gún títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹjọ́ mi kọ́. Mo wọn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: kò sí ìyàtọ̀ tó fọ́nrán òwú. Mo bá sọ ohun tí mo rí fún un. Mo ti ń wá ọ̀nà sá. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó ṣubú sórí ẹní. Nígbà tó rí èémí mí, ó ní:

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣu pọ̀ ní Ilero."

Mo ní àmín. A tú gbogbo rẹ̀. Kóróṣè, ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tú u wá sí ìbẹ̀rẹ̀, kò sí bí èyí tó dára kò ṣe ní bá èyí tí kò dára lọ. Kò dùn wá.

Ìṣẹ́gun, 24

Ó ṣì wà ní Ilero. A ti kọjá ìdajì. Mi ò tíì gbádùn ilé yìí tó báyìí rí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà sẹ́.

Jímọ̀, 27

Ó dé. Òun, lọ́rì iṣu, àti Ládòkun ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wá bá a gbẹnu sọ torí ẹnu tirẹ̀ kò gbà á. Ládòkun yí ọ̀rọ̀ po, ó yí i ká, ó tó bọ́ síbi tó ń lọ: ọmọ kan wà ní Ilero tí ń jẹ́ Ojúọlápé. Kò fi ọdún kan ju Àpọ́nlé lọ. Lẹ́yìn tí Àpọ́nlé bá lọ, wọn á so yìgì Ojúọlápé àti Ọ̀wọ́ngógó. Wọ́n ní ká fọwọ́ sí i.

Gómìnà bi àlejò bóyá ó ti jẹun. Èmi lọ sẹ́yìnkùlé, mo lọ sunkún — bẹ́ẹ̀ ni, nítorí Ọ̀wọ́ngógó. Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù.

Àìkú, 29

Apá ẹsẹ̀ aṣọ ló kù. Láàárọ̀ la ti mú ìkọ́. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ó fún pinpin. Àmọ́ méjèèjì ló fún, bákan náà gẹ́lẹ́: rúlà mi sọ bẹ́ẹ̀, ìka Gómìnà sọ bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá ká tú u. Ó ní kí ni à ń tú, ṣebí ọwọ́ wa ti bára mu, ká kàn fi ojú díẹ̀ kún ìlà tó kù kí ẹsẹ̀ aṣọ má baà kéré. Bẹ́ẹ̀ la ṣe. A so wọ́n pọ̀, òdòdó kojú òdòdó. Kí ìyá ọkọ Àgọ́-Àrẹ gbé awò wá, kò ní rí ibi tí tirẹ̀ parí sí tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀wọ́ngógó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ pa ikùn. Ó béèrè pé ọbẹ̀ ta ló kàn lọ́sẹ̀ yìí.

Mi ò gbójú sókè. Gómìnà fi eyín gé òwú.

"Ti Ilero ni."