Òpin Tí O Fi Sí Ààlọ́ Wa

Àpọ́nlé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Ìmọ́lẹ̀ ọmọ-ọmọ mi. Ṣé òtútù ọ̀hún kò pọ̀ jù? Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀, oògùn tí nọ́ọ̀sì fún mi ń ṣiṣẹ́. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi jẹ ẹ́? Wọ́n ti gbé iṣẹ́ Sàlàkọ́ àbúrò rẹ lọ sí Òtu, èmi nìkan ló kù nílé ní Ìgbòho.

Sàlàkọ́ wá lọ́jọ́ Sátidé, ó fi eré olórin tí o kọ hàn mí lórí fóònù. Ààlọ́ tí mo máa ń pa fún yín ni: ọmọbìnrin tí odò gbé lọ, tí ìyá rẹ̀ ń kọrin pè é létí omi títí ó fi jáde wálé. Obìnrin tó ṣe ìyá yẹn mọ orin í kọ, omijé bọ́ lójú mi. Àmọ́ nínú tìrẹ, ọmọ náà dáhùn pé ibú ti di ilé òun, ìyá sì dá nìkan rìn lọ sílé. Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Sàlàkọ́ ní, "Màámi, ṣé inú yín kò dùn ni?"

Mo ní inú mi dùn.

Àpọ́nlé, bí o bá ti pinnu pé o kò ní padà wálé mọ́, pè mí, kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi. N kò ní bínú. Bó bá sì jẹ́ eré lásán ni, ṣáà pè mí náà.

Kí Olúwa máa ṣọ́ yín níbi tí ọwọ́ mi kò tó.

Èmi ni ìyá rẹ.