Ìyá Àgbà Tẹ Ìwé Méjèèjì

"Màámá, ìwé kan ṣoṣo la ní kẹ́ ẹ tẹ̀ o! Ẹ ti tẹ méjèèjì! Ah, Màámá don spoil vote!"

Àǹtí Chidinma ló pariwo bẹ́ẹ̀ lónìí láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, Mọ́mì, mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Àgbà ní ṣé oorun Àbújá ń mú yín dáadáa, wọ́n ní Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọkọ̀ òkun ní èbúté Àpápá á máa ṣọ́ ọmọ àwọn lókè ọ̀hún, àmín. Gbogbo wa wà dáadáa ní Olódì, ojú Ìyá Àgbà nìkan ló ń ṣe bàìbàì. Bọ̀ọ̀dá Philip tó ń wa tírélà ní Creek Road ló máa mú lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́la, torí Ìyá Àgbà ní ọ̀rọ̀ inú fóònù máa ń já bọ́ lọ́nà.

Ẹgbẹ́ ìwé wa ló dá ariwo sílẹ̀. Obìnrin mẹ́sàn-án ni wá nínú ilé yìí, àgbà àti ọmọ, a jọ ń ka ìwé ìtàn kan lóṣù. Èmi ni mo kéré jù, Ìyá Àgbà ló dàgbà jù, wọn ò mọ̀wé, èmi ni mo máa ń kà á sí wọn létí bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà. Ìwé tó máa mú wa ronú la ń wá, tá a tiẹ̀ lè torí ẹ̀ jà díẹ̀. Àǹtí Chidinma mú ti obìnrin kan tó pe àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lẹ́jọ́ torí ilẹ̀ bàbá wọn. Èmi mú ti ọmọ kan tí ìyá ẹ̀ ní òun ń lọ ìlú ńlá fún oṣù mẹ́ta, tí ọmọ náà ń lọ jókòó ní ibùdókọ̀ lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ̀yin náà pè é, Mọ́mì, ó ti di ọdún méjì. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn àgbà máa sọ nípa ìyá yẹn. Tí n bá dá béèrè, wọ́n á ní kí ló ń dà mí láàmú. Tó bá jẹ́ ìwé ló béèrè, kò sẹ́ni tó máa wò mí lójú.

Orí Wásáàpù la ti dìbò. Mẹ́rin tẹ tèmi, mẹ́rin tẹ ti Àǹtí Chidinma, ó ku Ìyá Àgbà. Wọ́n rí fọ́tò róbótó àwọn tó ti dìbò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí Rekiat, ọ̀kan nínú wa, má dúró níta, kó wọlé wá jókòó. Wọ́n wá tẹ méjèèjì. Márùn-ún sí márùn-ún. Wọ́n ní ṣé káwọn gba ti ọmọ kan káwọn da ti èkejì nù, kí Chidinma máa sunkún? Àǹtí Chidinma ní ṣé òun ọlọ́mọ mẹ́ta ló máa sunkún torí ìwé? Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Àwọn tó kù ní kí Ìyá Àgbà yọ ọ̀kan kílẹ̀ tó ṣú. Ìyá Àgbà pè mí kí n sọ ìtàn méjèèjì. Nígbà tí mo dé ibùdókọ̀, ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. Wọ́n ní ṣé ìyá náà padà dé. Mo ní mi ò tíì kà á tán. Irọ́ ni. Wọ́n ní ìyá tó bí ìyá yẹn ńkọ́, ṣé ìwé ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni? Mo ṣí i wò. Kò sí níbẹ̀.

Ìyá Àgbà ní kí ẹ fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ bá àwọn ra gíláàsì ojú, tí ẹ bá sì ráyè, kí ẹ mú un wá fúnra yín. Wọ́n ní ẹ ò ní ṣìnà, ilé á máa wù yín í wá.

Ibí ni màá ka lẹ́tà yìí fún Ìyá Àgbà dé. Èyí tó kù nísàlẹ̀, màá fi sísọ́ọ̀sì gé e kí Bọ̀ọ̀dá Philip tó dé. Mi ò lè ka ìwé ọmọ ibùdókọ̀ yẹn sí Ìyá Àgbà létí títí dé ìparí, torí ìyá náà ò padà dé. Ìbò tèmi ni màá yọ kúrò lórí ẹ̀, kí ti Àǹtí Chidinma lè wọlé. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní ọwọ́ ló ṣèèṣì. Kí ti Ìyá Àgbà wà lórí méjèèjì, bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.