Ọ̀gá Alágbòòrùn Ti Padà Sórí Tẹlifíṣàn

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Ẹni tó dá ẹ á máa ṣọ́ ẹ, ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò ní dí mọ́ ẹ. Àwa náà wà, àfi ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó ń húkọ́ bí arúgbó. Ṣùgbọ́n jókòó ná kí o tó ka èyí tó kù, inú mi ń dùn gan-an ni.

Ọ̀gá Alágbòòrùn ti padà! Ọlọ́pàá orí tẹlifíṣàn tó máa ń fi agbòòrùn kan ilẹ̀kùn apànìyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí èmi àti bàbá rẹ máa ń wò nígbà tí mo lóyún rẹ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pálọ̀ wa á sì kún dẹ́nu ọ̀nà. Ọgbọ̀n ọdún rèé, ọkùnrin náà ò hu ewú kan! Bá mi wádìí ohun tó ń fi sórí. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ti tú gbogbo ọ̀daràn tó mú nígbà yẹn sílẹ̀, wọ́n sì tún lọ pa àwọn èèyàn kan náà. Irú ìjọba wo nìyẹn?

O ṣáà mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn ti mú bàbá rẹ lápá kan, oṣù mẹ́jọ gbáko, wọn ò sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n pa olówó kan nínú fíìmù náà. Mo rí bọ́tìnnì oníhò mẹ́rin nílẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀kan ti já lára ẹ̀wù dókítà. Ta ló fẹ́ fi bọ́tìnnì tan télọ̀ jẹ? Mo sáré pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ tẹlifíṣàn kí n lè ta Ọ̀gá lólobó. Obìnrin kan ló gbé e. Mo kí i, mo bi í léèrè àwọn ọmọ, ó kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé kí n gbìyànjú nígbà mìíràn. Ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé!

Ìbínú yẹn ló jẹ́ kí n ṣi ọ̀rọ̀ sọ, mo ní alágbàfọ̀ ló pa olówó. Ni bàbá rẹ bá gbé orí sókè, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa, pé dókítà ni! Ọmọ mi, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo gbá aládùúgbò tó wá bá wa wò ó mọ́ra, a ò tiẹ̀ rí ìgbà tí wọ́n mú dókítà. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti mọ apànìyàn, ẹlòmíràn ni mò ń dárúkọ. Ọ̀sẹ̀ kejì mo ní olùkọ́ ni, wọ́n ní ojú mi ti fọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo di ẹ̀bi ru ajá, wọ́n bá mi jà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ṣùgbọ́n owó tẹlifíṣàn máa tán ní Ọjọ́rú, wọn á sì gbé Ọ̀gá kúrò lójú wa. Jọ̀ọ́, fi owó rán ọlọ́kọ̀ sí wa kó tó dìgbà yẹn. Má fi í sínú fóònù mi o, mi ò tíì rí ihò tí owó ń gbà jáde níbẹ̀. Àwọn tó ń gba owó tẹlifíṣàn ti fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n béèrè pé oṣù mélòó la fẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé títí ọkọ mi á fi bá mi jà tán.

Ilé tìrẹ náà kò ní dákẹ́ rọ́rọ́, ayọ̀ ni wàá máa gbọ́ níbẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Bàbá rẹ ní kí n kí ẹ. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́.